Omi Tó Wà Lẹ́sẹ̀ Ìyàwó Wa

                                        Ẹ̀ka Ìtọ́jú Ọkàn,
                                        Àjà Kejì, Ọsibítù Ńlá,
                                        Òpópónà Onígi Méjì.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Dúdúyẹmí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni ìwé yìí bá ọ? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ tó há a láyà ti fi í sílẹ̀? Ọmọ wa obìnrin ńkọ́, ṣé eyín iwájú ti hù padà, àbí ẹ ṣì ń fi ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbọ́ tiwọn? Iṣẹ́ ńkọ́? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Mo tún kí ọ kú ará-fẹ́ra-kù. Mo kí ọ kú ìrọ́jú. Mo mọ̀ pé ìkíni kò lè gbé ẹrù yìí kúrò lórí rẹ, ṣùgbọ́n mi ò lè kọjá lọ bí ẹni tí kò rí ọ.

Mo rí ìwé rẹ gbà. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ mi, mo kà á, mo sì tún un kà. O ní kí n ṣàlàyé omi tó kún ara Ìyàwó wa fún ọ, ibi tó ti wá àti ìdí tí kò fi lọ, kí n ṣe é bí mo ti ń ṣe é fún àwọn aláìsàn mi, láìkánjú, láìfi nǹkan kan pamọ́. O tún ní kí n má torí pé ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń bá mi tún bàtà ilé-ìwé mi ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí a wà ní kékeré kí n wá máa gbè sẹ́yìn wọn. Ó dáa, mi ò ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Mo mọ ohun tí o sọ fún wọn lórí fóònù lọ́jọ́ tí wọ́n pè ọ́ pé Ìyàwó ti kú. O ní, "Ẹsẹ̀ ń wú, ẹ̀yin ń rán bàtà. Ẹ̀yin lẹ pa á." Ẹ̀gbọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún mi. Wọn kò fi ìbínú sọ ọ́. Wọ́n sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Láti ọjọ́ náà, o kò gbé fóònù wọn mọ́, o kò sì wá síbi ìsìnkú. Mi ò bá ọ wí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú mi rí.

O rántí pé Ìyàwó kò gbà kí èmi àti ìwọ pe òun ní "ẹ" rí. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ ti gbé e wọlé yín, nígbà tí àwa méjèèjì kò tíì lè so okùn bàtà wa fúnra wa, ló ti sọ fún wa pé, "Ìyàwó yín ni mí. Ẹ má sọ mí di àgbà ọ̀sán gangan." Kò yí ohùn padà títí tó fi kú. Lọ́jọ́ tí mo dé láti ibi tí mo ti lọ kọ́ṣẹ́ ọkàn, mo ní kí n kọ́kọ́ yà kí wọn kí n tó tú ẹrù mi. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì wà bí o ti mọ̀ ọ́n, gọ́ọ̀mù ń rùn, awọ wà nílẹ̀ káàkiri, àwọn ẹsẹ̀ onígi tí wọ́n fi ń mọ bàtà to sára ògiri bí ẹsẹ̀ àwọn tó ń dúró de ọkọ̀. Ìyàwó ń bọ̀ láti ilé ìfọṣọ tó ti ń lọ aṣọ, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ ń dúró nídìí áyọ́ọ̀nù.

Ó pariwo kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. "Oníbéèrè! Ọkọ mi onígíláàsì! Wá wo bí mo ṣe di ńlá lẹ́yìn rẹ!"

Ẹnìkejì rẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Dókítà, ẹ bá wa bi í. Kí ló ń jẹ tí kò fún wa jẹ? Gbogbo wa là ń lọ aṣọ, òun nìkan ló ń sanra."

"Ìwọ náà lọ fẹ́ ṣúméékà," ni Ìyàwó dá a lóhùn. "Ọkọ tí kò gbóná tó áyọ́ọ̀nù lo fẹ́, o wá ń bi mí léèrè."

Ẹ̀gbọ́n ń rẹ́rìn-ín láti ìdí òòlù wọn. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ẹni tó bá fojú kan ìyàwó mi, á mọ̀ pé mò ń gbìyànjú."

Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn mi. Ìyàwó gun àtẹ̀gùn kékeré iwájú ilé yẹn, ó sì dúró láàárín ọ̀rọ̀ láti mí. Ẹni tó sanra kì í sanra láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Eegun èjìká rẹ̀ yọ síta, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín, aago ọwọ́ rẹ̀ ń yí kiri, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kún bàtà dọ́gba-dọ́gba. Bàtà náà lẹ́wà, Dúdúyẹmí. Awọ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó fẹ̀, ó rọ̀, ìdè rẹ̀ rí bí ìgbà tí wọ́n dà á sí i lẹ́sẹ̀ ni. Kò sí ibì kan tó ti ta á lẹ́sẹ̀.

Mo ní, "Ìyàwó wa, jókòó kí n wo ẹsẹ̀ rẹ."

"O ò tíì mu omi, o ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣé kò sí aláìsàn níbi tí o ti ń bọ̀ ni?" Ó jókòó ṣá. Mo fi àtàǹpàkò mi tẹ ojúgun rẹ̀, mo ka díẹ̀ nínú mi, mo sì gbé ọwọ́ mi kúrò. Ojú ìka mi wà níbẹ̀. Kò kún padà. Ìyàwó tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Ẹ wò ó, mo ti di amọ̀!" Ẹnìkejì rẹ̀ tún rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹ̀gbọ́n gbé òòlù sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Ìdúró ni. Láti àárọ̀ ló ti wà lórí ẹsẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yẹn kì í ṣe irọ́, ìyẹn gan-an ló sì burú nínú rẹ̀. Jẹ́ kí n dúró níbí kí n ṣàlàyé fún ọ, torí ibí ni ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ ti yà.

Omi kì í ṣe ọ̀tá ara. Omi ló pọ̀ jù nínú ara wa. Bí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba inú iṣan kọjá, ó máa ń jẹ́ kí omi díẹ̀ sun jáde sáàárín ẹran ara, kí omi náà lè gbé oúnjẹ dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ kò dé. Lẹ́yìn náà, omi á padà. Apá kan á gba ara iṣan wọlé, ìyókù á gba àwọn ojú ọ̀nà tín-tìn-tín kan tó dà bíi gọ́tà ẹ̀yìnkùlé. Ohun tó jáde àti ohun tó padà máa ń dọ́gba. Ìgbà tí wọn kò bá dọ́gba mọ́ ni ara ń wú.

Oríṣiríṣi nǹkan ló lè ba ìdọ́gba yìí jẹ́, wọ́n sì jọra lójú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Bí ọkàn tó ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri bá ti rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó padà sínú rẹ̀ á kóra jọ sẹ́yìn bí èrò tí wọn kò ṣílẹ̀kùn fún, á sì máa ti omi jáde kúrò nínú iṣan. Ẹsẹ̀ ló ti máa kọ́kọ́ hàn, nítorí ìsàlẹ̀ ni omi ń lọ. Bí kíndìnrín bá bàjẹ́, ó lè máa da èròjà amúaradàgbà sínú ìtọ̀. Èròjà yìí ló sì ń di omi mú nínú ẹ̀jẹ̀, bí àkísà ti ń di omi ilẹ̀ mú. Ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń wú láàárọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ á máa hó bí omi ọṣẹ. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èròjà náà. Bí ẹ̀dọ̀ bá le, inú ikùn lomi ń kó sí. Ẹni tí ebi ti pa tipẹ́tipẹ́ kò ní èròjà náà lára tó, òun náà á wú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dì sínú iṣan, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni yóò wú, á gbóná, á máa ro ó. Ìyẹn kò gba sùúrù, ọjọ́ náà gan-an ni kí a gbé e lọ sọ́sibítù. Bí gọ́tà tí mo sọ bá dí, bóyá kòkòrò ló dí i tàbí iṣẹ́ abẹ ló gé e, ibẹ̀ á wú, á sì le bí igi. Oyún ń mú ẹsẹ̀ wú. Iyọ̀ àjẹjù ń di omi mọ́ ara. Oògùn náà ń ṣe é, pàápàá oògùn apàrora tí èèyàn ń lò lójoojúmọ́, torí kì í jẹ́ kí kíndìnrín lé iyọ̀ àti omi jáde bó ti yẹ. Ẹni tó bá sì dúró lójú kan láti àárọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú díẹ̀; bó bá gbé e sókè sùn, ilẹ̀ á mọ́, á ti lọ.

Èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yìí ló tàn wá jẹ. Ìyàwó ń dúró nídìí áyọ́ọ̀nù lóòótọ́. Ẹsẹ̀ gbogbo àwọn tó ń lọ aṣọ níbẹ̀ ló ń wú nírọ̀lẹ́. Àìsàn tó bá rí àwíjàre tó dára wọ̀ bí ẹ̀wù, ó lè pẹ́ nínú ilé kí ẹnikẹ́ni tó bi í pé ta ni ọ́.

Mo bi í léèrè lọ́jọ́ náà pé ìrọ̀rí mélòó ló fi ń sùn. Ẹ̀gbọ́n ló gbà á dáhùn. Wọ́n ní, "Èwo ni ti ìrọ̀rí? Ó ti ń jókòó sùn bí ẹni wọ ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn." Ìyàwó ní, "Mo kàn fẹ́ kí orí mi ga ni. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?" Ẹni tí kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, Dúdúyẹmí, omi ti dé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Mo ní kí wọ́n gbé e wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

A yẹ ẹ́ wò dáadáa. Ìtọ̀ rẹ̀ kò hó, èròjà kò bá a jáde, nítorí náà kì í ṣe kíndìnrín ni orísun rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ wú nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kóra jọ sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn ló sọ òótọ́ fún wa. Ọkàn rẹ̀ ti tóbi, ó ti fẹ̀, ògiri rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ó ń mì bí ọwọ́ ẹni tó ti fọṣọ láti àárọ̀, tó kù díẹ̀ kí aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni, kì í yúnni, ẹnikẹ́ni kò sì wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí. Lórí ìyẹn, ó ń lo oògùn apàrora nítorí orúnkún, ó ń rà á ní ẹnu ọ̀nà ilé ìfọṣọ bí ẹni ń ra súìtì.

Mo wá béèrè ìgbà tí wíwú náà bẹ̀rẹ̀, torí mo fẹ́ mọ bó ti ń yára tó. Ìyàwó ní òun kò rántí. Ẹ̀gbọ́n ní, "Mo lè fi hàn yín." Wọ́n lọ sílé, wọ́n sì padà wá pẹ̀lú ẹsẹ̀ onígi tí wọ́n gbẹ́ fún un nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Wọ́n gbé e sórí tábìlì mi. Mi ò mọ̀ ọ́n ní ẹsẹ̀ mọ́. O mọ bí wọ́n ti ń ṣe: bí ẹsẹ̀ oníbàárà bá fẹ̀ sí i, wọn kì í gbẹ́ òmíràn, wọ́n á lẹ awọ fẹ́lẹ́ mọ́ igi náà níbi tó ti fẹ̀, wọ́n á fá a kó dán, wọ́n á sì mọ bàtà tuntun lé e. Awọ kan wà lórí òmíràn lára igi yẹn, ó yí ọrùn ẹsẹ̀ ká, ó gun ẹ̀yìn ẹsẹ̀ lọ sókè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ́ka sí i fún mi. "Èyí ni ti ìgbà tí ọmọ àbúrò mi fẹ́ wọ ilé-ìwé. Èyí ni ti ìgbà òjò. Èyí ni ti lẹ́yìn ọdún." Mo ti ka àwòrán àyà àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tí ìtàn àrùn kan ti hàn kedere tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìfẹ́ ló lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ara wọn. Wọ́n ń tọ́ka lọ títí, ni ọwọ́ wọn bá dúró. Wọ́n wò mí, wọ́n wo igi náà.

Oògùn tó ń lé omi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Inú wa dùn. Ìyàwó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn nọ́ọ̀sì. "Ọkọ mi, oògùn rẹ yìí ti sọ mí di ẹ̀rọ omi. Bí ìjọba bá gbọ́, wọ́n á wá fi páìpù fà mí lọ." Èémí rẹ̀ balẹ̀. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn lórí ìrọ̀rí kan. Wíwú ẹsẹ̀ ń wálẹ̀, ikùn ń lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwa oníṣẹ́ yìí mọ̀, tí mo sì gbìyànjú láti sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ ṣáájú, tí kò wọ̀ wọ́n létí nítorí ayọ̀. Ọkàn tó bá ti rẹ̀ tipẹ́ kì í bọ́ ara mọ́ dáadáa. Ẹran ara ń jó rẹ̀yìn lábẹ́ omi, omi sì ń bò ó mọ́lẹ̀. Bí omi bá wá lọ, ohun tó kù ni èèyàn yóò rí.

Ẹ̀gbọ́n wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n ní àwọn fẹ́ bá a fi òróró pa ẹsẹ̀. Wọ́n ká aṣọ ìbora sókè. Wọ́n dúró. Ẹsẹ̀ tó wà níbẹ̀ kéré sí ẹsẹ̀ tí wọ́n gbé níyàwó. Eegun ni, awọ sì rọ̀ lé e lórí bí ìbọ̀sẹ̀ tí kò ní rọ́bà. Wọ́n wo ojú Ìyàwó bí ẹni ń wá a. Wọ́n ní, "Gbogbo ìgbà tí mò ń yọ̀ yẹn, ibi tí o wà nìyí?" Ìyàwó ní, "Ọ̀gá mi, má dá mi lẹ́jọ́. Inú bàtà rẹ ni mo wà." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Wọ́n lọ sílé lọ bọ́ gbogbo awọ ara igi náà kúrò. Igi náà ṣì tóbi jù. Wọ́n fi ọ̀bẹ fá igi fúnra rẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n lọ yẹn ni Ìyàwó fọwọ́ pè mí jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó sì sọ nǹkan kan fún mi. Èyí ni ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kọ ìwé yìí gùn tó báyìí. Ó ní, "Oníbéèrè, ìwọ tí o ń béèrè gbogbo nǹkan, o kò béèrè ìdí tí mi ò fi sọ pé ẹsẹ̀ ń dùn mí." Mo ní kí ó sọ ọ́. Ó ní, "O mọ Ọ̀gá mi. Kò mọ bí wọ́n ti ń di èèyàn mú. Kò sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí mi rí, ìtìjú ni kò jẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní bàtà fún mọ́ mi lẹ́sẹ̀, á jókòó sílẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ mi sórí itan rẹ̀, á di í mú, á máa fi àtàǹpàkò wá ibi tó ti fún, á pẹ́ lórí ẹ̀. Ìgbà mìíràn, ó fún lóòótọ́. Ìgbà mìíràn, kò fún, mo kàn fẹ́ kó di í mú ni. Nígbà tí ẹsẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, mo rò pé bí mo bá sọ pé àìsàn ni, ẹ̀rù á bà á, kò ní lè fọwọ́ kàn án mọ́. Bí mo bá sọ pé bàtà ni, á rán òmíràn, inú rẹ̀ á dùn. Inú tèmi náà á dùn."

Ó di ọwọ́ mi mú. "Má sọ fún un o. Ojú á tì mí, obìnrin àgbàlagbà bíi tèmi. Bí o bá fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, sọ ọ́ fún Dúdúyẹmí. Òun ni ọmọ tí mo tọ́, ó mọ irú ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́. Òun á mọ ohun tí yóò fi ṣe."

Bàtà tuntun dé. Kékeré, dúdú, bíi ti ọmọ ilé-ìwé. Ìyàwó wọ̀ ọ́. Ó dìde, ó di èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ mú lápá, ó rìn dé ojú fèrèsé, ó padà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gba bàtà náà láìsí ìyọnu, mo ń wò ó. Bí ó ti jókòó, ó ṣẹ́jú sí mi, ó sì sọ fún wọn pé, "Ó fún díẹ̀ níbí." Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì, wọ́n gbé ẹsẹ̀ náà sórí itan, wọ́n ń fi àtàǹpàkò wá ibẹ̀. "Níbo? Níbí? Kò fún níbí. Ààyè wà." Ó ní, "Lọ sí iwájú díẹ̀ sí i." Ó di ojú rẹ̀. Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo jáde.

Ọjọ́ kejì ni ọkàn rẹ̀ ṣìnà. Ó ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ti ń ká aṣọ ìbora, pé wọn kò mọ̀ ọ́n ká, ni ohùn rẹ̀ bá gé. Ọkàn tó bá ti fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ìlù rẹ̀ lè dàrú lójijì. Gbogbo wa la sáré wọlé. A ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ wa, èmi fúnra mi ni mo tẹ àyà rẹ̀ títí ọwọ́ mi fi kú. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú.

Wàyí o, ìdáhùn rẹ. Ẹ̀gbọ́n bi mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní, "Dókítà," wọn kò pè mí ní Oníbéèrè, "ṣé bàtà mi ló pa á?" Mo ní, "Rárá. Omi náà kò tinú bàtà wá. Ọkàn ni, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì ba ọkàn jẹ́." Wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n?" Mo ní, "Ṣùgbọ́n bàtà yín kò jẹ́ kó tètè hàn. Bí a bá ti rí i ṣáájú, bóyá à bá rí i tọ́jú pẹ́ sí i. Bóyá ni mo sọ o." Wọ́n dúpẹ́ pé mi ò parọ́ fún àwọn. Wọ́n wá ní, "Àwọn bàtà tó fẹ̀ bò ó láṣìírí títí ó fi bàjẹ́. Èyí tó kù tí mo rò pé mo rán dáadáa, ó tún ní ó fún òun. Ó gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún lọ." Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Oníbàárà ń kan ilẹ̀kùn, wọn kì í dáhùn. Oúnjẹ tí mo gbé lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tún bá a bí mo ti gbé e sílẹ̀.

Ṣé o rí ibi tí mo há sí? Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ tó lè tú wọn sílẹ̀ wà, mo sì ti ṣèlérí fún aláìsàn mi. Ikú kì í pa ìlérí bẹ́ẹ̀ rẹ́ lọ́dọ̀ wa. Èmi ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún wọn. Ìwọ kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni, ìwọ ni ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sí lọ́wọ́. Bí inú rẹ bá ṣì ń bí wọn lẹ́yìn tí o ka èyí tán, ìyẹn kù sí ọ lọ́wọ́. Mi ò ní kí o sọ pé wọn kò ṣàṣìṣe. Wọ́n ṣe é. Òun náà ṣe é. Ìfẹ́ ni àwọn méjèèjì fi ṣe é, wọn kò sì tọ́ ọmọ mìíràn tó lè lọ sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n ju ìwọ lọ.

Bá mi kí ọkọ rẹ dáadáa, kí ó má fi ikọ́ náà ṣeré. Bá mi gbá ọmọ wa mọ́ra. Kí ìyá ọkọ rẹ, kí o sì sọ fún wọn pé kí wọ́n dín oògùn orúnkún kù, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ wọn kí oṣù yìí tó parí. Nọ́ọ̀sì tí Ìyàwó ń bá sọ̀rọ̀ aṣọ kíká náà ní kí n kí ọ, ó ní nígbà tí o pè síbí, o jọ ọ́ lóhùn lórí fóònù. Mo sọ fún un pé ẹ kò bára tan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ni.

Mo yà lọ kí ẹ̀gbọ́n lánàá. A jókòó pẹ́. Bí mo ti dìde ni wọ́n di apá aṣọ mi mú. Wọ́n ní, "Kò ní gbé fóònù mi. Ẹ bá mi bi í, ṣé ẹsẹ̀ tirẹ̀ kò wú?" Mo ní màá bi ọ́. Mo ti bi ọ́ nìyí, ṣùgbọ́n má fi ìwé dáhùn. Wá, kí o jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn wò ó.

Èmi náà ni, ẹni tìrẹ tí kò yéé béèrè,

Oníbéèrè